Láti Inú Ìléru dé Ìdí Àlòkù Mọ́tò: Ìtàn Irin Lọ́wọ́ Alágbẹ̀dẹ Abúlé Ìbàdàn

Ohun mẹ́ta ni mo gbé sórí tábìlì yìí kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èkínní ni ọkọ́ tuntun tí a kò tíì fi sí ẹ̀rúkọ́, tí mo rà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan ní ẹ̀bá ọ̀nà Akánrán. Èkejì ni abala irin kan tí ó tẹ̀ bí ọrun. Ẹni tí ó bá ti yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù rí yóò mọ̀ ọ́n: ọ̀kan nínú àwọn sípíríǹgì tí ń gbé ẹrù ọkọ̀ ni. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ta nù lójú ọ̀nà: ó dúdú, ó wúwo, ó sì kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí àkàrà. Ìdàrọ́ ni, pàǹtí tí ó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá yọ́ irin láti inú òkúta. Ojú oko kan ní ìhà Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bá mi ṣà á wá. Láàárín ìdàrọ́ yìí àti sípíríǹgì yìí ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa olùkọ́ ìtàn máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí àwọn ọmọ náà sì máa ń dá padà fún wa nínú ìdánwò láìyí i padà: pé nígbà tí òyìnbó dé, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ parun. Èmi náà ti kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba Móníyà lọ sí Akínyẹlé, tàbí tí ẹ gba Ìyànà Ọ̀fà wọ Lálúpọn ní ilẹ̀ Lágelú, tàbí tí ẹ yà sí abúlé kan ní Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Ará ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ọjà, ẹ óò gbọ́ ìró ọmọ-owú. Òkú kì í lu irin. Nítorí náà, ó yẹ kí a tún ara wa bi léèrè: kí ni ó kú gan-an, kí sì ni kò kú?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdàrọ́. Ní ayé àtijọ́, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ irin pín sí, àwọn ìwé wa kì í sì sábà yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn kan ń wa òkúta irin nínú ilẹ̀, wọ́n ń sun ún nínú ìléru títí irin yóò fi jáde lára rẹ̀. Àwọn kejì, tí í ṣe alágbẹ̀dẹ gan-an, ń gba irin náà, wọ́n sì ń fi í rọ ohun èlò. Ọjọ́ orí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí jìn púpọ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí ní Taruga, ní ìhà Àbújá, fi hàn pé wọ́n ti ń yọ́ irin níbẹ̀ ní nǹkan bí 500 ọdún kí a tó bí Jésù. Ní tòsí wa níhìn-ín, ní Mọdákẹ́kẹ́, Akin Ige àti Thilo Rehren ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003. Wọ́n rí i pé yanrìn dúdú àti òkúta irin ni àwọn baba wa ń lò pọ̀ nínú ìléru ibẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìdí tí a fi ń po ohun méjì pọ̀ kí ọ̀kan lè dára kì í ṣe ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ní ìfọ́jú.

Ìbàdàn pàápàá kò ṣàìní ipa nínú èyí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ ní 1921, sọ pé ẹ̀ta ni orúkọ òkúta irin, pé láti ara rẹ̀ ni àdúgbò Ẹlẹ́ta ní Ìbàdàn ti gba orúkọ. Ó sọ pé irin ni ó fún Ìlọrin náà ní orúkọ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ará Ìlọrin ní ìtàn tiwọn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ lẹ́tà sí wa nítorí ìyẹn! Ṣùgbọ́n ti Ẹlẹ́ta yìí, mélòó nínú wa tí ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni ó mọ̀ pé orúkọ òkúta irin ni òun ń pè?

Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ ìléru sílẹ̀ fínnífínní nígbà tí iná rẹ̀ ṣì ń jó ni òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy. Ó lọ sí abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí ó kọ orúkọ rẹ̀ ní Ola Igbi, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1904. Odidi abúlé náà ni irin yíyọ́ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Wọ́n ń wa òkúta náà, wọ́n ń yan án nínú iná, wọ́n ń gún un nínú odó, wọ́n ń fi omi fọ̀ ọ́ kí erùpẹ̀ lè lọ, kí ìwọ̀n tí ó wúwo sì ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ó wá kó o sínú ìléru alámọ̀ pẹ̀lú èédú igi líle. Ojú ihò tí wọ́n fi amọ̀ mọ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Wọn kì í sùn tì í, tọ̀sán tòru ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ohun tí ó ń jáde nígbẹ̀yìn ni òkìtì irin kan tí ìdàrọ́ ṣì dì mọ́ lára, tí alágbẹ̀dẹ yóò tún lù, tí yóò tún yọ́, kí ó tó di ohun tí a lè fi rọ ọ̀bẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ka irú ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu ọmọ Yorùbá, ìwé tí D. A. Adeniji kọ lórí irin wíwà àti irin yíyọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá wà, èyí tí Institute of African Studies ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ ní 1977. Ó yẹ kí ó wà ní gbogbo ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹ ṣe ìṣirò iṣẹ́ náà wò. Igi tí a gé, tí a sun di èédú. Òkúta tí a wà, tí a gún, tí a fọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ṣe é fún ọjọ́ púpọ̀. Gbogbo rẹ̀ nítorí òkìtì irin kan ṣoṣo. Nísinsìnyí ẹ rántí pé láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ti ń gúnlẹ̀ sí etí òkun wa ni ọ̀pá irin ti wà lára ọjà tí wọ́n ń kó wá. Bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ń lọ sópin, irin ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ sí i, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Johnson rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀: ó ní ṣáájú ìgbà náà, láti ohun ìjà títí dé abẹ́rẹ́, ilé ni a ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ọjà òyìnbó tí ó dán, tí kò sì wọ́n, ti ń gba ipò wọn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tọ́jọ́ tó ti ilé.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ti ń yẹ̀ níbí. Ta ni ó pa iná ìléru? A máa ń dáhùn pé òyìnbó ni. Ní èrò tèmi, alágbẹ̀dẹ wà lára àwọn tí ó pa á. Kò sí òfin kan tí ó fi ipá mú alágbẹ̀dẹ Ìbàdàn láti fi irin Ola Igbi sílẹ̀. Ọ̀pá irin tí ó ti mọ́, tí kò ní ìdàrọ́ lára, ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́ ní owó pọ́ọ́kú, ó sì yàn án. Ẹni tí ń yọ́ irin ni ọjà òkèèrè pa. Ẹni tí ń rọ irin kò kú. Àní, ó rí irin púpọ̀ sí i láti fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí a bá sọ pé "iṣẹ́ irin parun", a ń po àwọn ènìyàn méjì pọ̀ tí ọ̀nà wọn ti pínyà.

ATỌ́KÙN: Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gá, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ṣé kì í ṣe pé alágbẹ̀dẹ náà di ẹrú ọjà òkèèrè nígbà náà? Bí ọkọ̀ òkun kò bá dé, kí ni yóò fi ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè yín tọ́ o, òun ni ó sì gbé mi dé ìdí ohun kejì tí ó wà lórí tábìlì. Òtítọ́ ni pé alágbẹ̀dẹ sọ ohun pàtàkì kan nù: kò sí ní àṣẹ lórí irin láti inú ilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà tí kò sí ẹni tí ó pète rẹ̀.

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ní 1907 ó ti dé Òṣogbo, Lálúpọn sì wà lójú ọ̀nà náà. Ní nǹkan bí 1906, ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí ó la àárín Akínyẹlé kọjá, ti wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ là ní Nàìjíríà. Kòkó wá dé, owó wá dé, lọ́rì wá pọ̀ láti kó kòkó náà láti abúlé wá sí ìgboro. Ohun tí ọmọ ènìyàn bá sì ń lò, yóò gbó. Ojú irin ń jẹ, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́rì ń dojú dé, ń bàjẹ́, ń kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ohun tí ìjọba ilẹ̀ àmúsìn kó wá láti fi kó ẹrù wa lọ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́. Nígbà ogun Hitler, láti 1939 dé 1945, tí ọjà òkèèrè ṣọ̀wọ́n, irú irin àlòkù báyìí ni ó wà nílẹ̀. Láti 1986, nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ tí àdá òkèèrè di ọ̀wọ́n, òun náà ni.

Ẹ máà jẹ́ kí a fojú kéré ohun tí ó wà nínú kí a mú irin àlòkù kí a sọ ọ́ di irinṣẹ́. Ẹni tí ó ra irin tuntun yóò bá orúkọ àti ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìwé. Irin àlòkù kò ní ìwé. Ojú, etí àti ọwọ́ ni alágbẹ̀dẹ fi ń ka tirẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rí abala irin kan tí ó ti ara ẹ̀rọ ìlọta wá. Ó nípọn, ó sì wù mí. Mo gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ abúlé wa pé kí ó bá mi fi rọ ọ̀bẹ. Bàbá náà kò bá mi jiyàn. Ó gbé e lé orí owú, ó fi ọmọ-owú kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó sì fọ́ bí èèpá igbá. Ó ní kí n kó o, kí n máa lọ. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí n tó kà nínú ìwé pé irin dídà ni irú irin bẹ́ẹ̀, èyí tí a yọ́ bí omi tí a sì dà sínú àpòtí yanrìn. Pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òun ni kì í fi ṣeé lù. Bàbá kò mọ orúkọ kábọ́ọ̀nù. Ohun tí kábọ́ọ̀nù ń ṣe ni ó mọ̀.

Ọ̀pá kọnkéré yàtọ̀ sí ìyẹn. Ó ṣeé lù, ó ṣeé tẹ̀, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré. Bí a bá fi rọ àdá, ojú àdá náà yóò máa kú lójoojúmọ́. Ó dára fún ìkọ́, fún ìdè, fún ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì yìí, ẹ wò ó. Láti jẹ́ kí ó lè tẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́, kí ó sì tún nà padà, wọ́n ti ṣe é ní irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tó ìdajì ìdá kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n tí ojú àdá àti àáké ń fẹ́ gẹ́lẹ́ ni. Àwọn tí ó ṣe lọ́rì náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Jámánì kò ronú nípa àdá àgbẹ̀ Ẹgbẹ́dá rárá, síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bá alágbẹ̀dẹ sọ ọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. A ó gé sípíríǹgì náà ní ìwọ̀n tí a fẹ́, a ó sì tì í bọ inú èédú tàbí èésan. Nígbà kan, ẹwìrì aláwọ ni ọmọ-iṣẹ́ ń fín láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Lónìí, ìwọ yóò rí àgbá kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n so mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin, tí ọmọ náà ń yí, tàbí ẹ̀rọ iná mànàmáná níbi tí iná bá wà. Owú pàápàá, gígé ojú irin àtijọ́ ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Irin náà yóò pọ́n títí yóò fi fẹ́ dà bí òroǹbó. Ẹ̀mú ni a ó fi mú un jáde, ìlù yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ìlù yìí kì í ṣe ti agbára nìkan. Ọ̀gá ni ó ń fi ọmọ-owú kékeré tọ́ka sí ibi tí ọmọ-iṣẹ́ yóò fi èyí tí ó wúwo lù. Nígbà tí àwọ̀ irin bá ti ń ṣú, wọn yóò dá a padà sínú iná; ẹni tí ó bá ń lu irin tí ó ti tutù ń pe sísán ni. Òwe wa pé alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀, ojú àgbẹ̀dẹ ni a ti rí i, kì í ṣe ojú lásán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí ni mímú ojú irin le. Nígbà tí àdá bá ti ní ìrísí, a ó tún mú un gbóná títí yóò fi pọ́n dáadáa, ìwọ̀n ooru tí ó tó nǹkan bí 800 lórí ìwọ̀n Celsius. Ọ̀nà kan wà tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè fi dá a mọ̀: bí irin bá ti gbóná tó 770 báyìí, mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà á mọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ kò lo mágínẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ó ṣókùnkùn ni wọ́n kọ́ àgbẹ̀dẹ sí, abẹ́ òrùlé tí ó wálẹ̀, kí oòrùn má baà tàn wọ́n jẹ lójú àwọ̀ iná. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa sọ pé ìdọ̀tí ni ó mú kí ibẹ̀ ṣókùnkùn! Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ó ri ojú àdá náà bọ omi tàbí òróró. Omi ń mú irin le kíákíá, ṣùgbọ́n irin sípíríǹgì lè sán nínú rẹ̀, nítorí náà òróró mọ́tò àlòkù ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn. Irin tí ó ti le báyìí gan bí àwo tánganran. Bí ó bá já bọ́ sórí òkúta, ó lè kán. A ó wá fi ooru díẹ̀ rọ̀ ọ́ lójú. A ó ha ojú rẹ̀ kí ó dán, a ó sún un mọ́ iná, a ó sì máa wo àwọ̀ tí yóò gba orí rẹ̀ kọjá: yóò kọ́kọ́ dà bí koríko gbígbẹ, yóò pọ́n bí obì, yóò wá dà bí aró. Ọ̀bẹ ń fẹ́ kí a dá a dúró ní àwọ̀ koríko. Àáké àti àdá tí yóò bá igi jà ń fẹ́ kí ó sún mọ́ àwọ̀ aró. Gbogbo rẹ̀ lè kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì sí àtúnṣe bí kò ṣe kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ti ọkọ́ rọrùn ju èyí lọ, mo sì lè yára kọjá lórí rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí a gé lára ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó wà níwájú mi yìí. Wọ́n lù ú kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ kí ó sì tín-ín-rín, wọ́n wá ká òkè rẹ̀ méjèèjì wọ inú kí ó di ihò tí orí ẹ̀rúkọ́ yóò wọ̀. Kò sí ìṣó, kò sí jíjó pọ̀. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè iṣu yóò ní kí a fún òun ní èyí tí ó tóbi; ẹni tí ń ro koko tàbí ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ kékeré. Àdá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó ní àwòrán ọ̀nì lára, dára púpọ̀, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà ni wọ́n ń ṣe fún gbogbo ayé. Alágbẹ̀dẹ Akánrán mọ ọwọ́ ẹni tí yóò lo ọkọ́ náà, ó mọ ilẹ̀ rẹ̀ bóyá olókùúta ni tàbí oníyanrìn, bí ó bá sì jẹ tán, yóò tún fi irin mìíràn lé e lẹ́nu.

ATỌ́KÙN: Ọ̀gá, àwọn òbí lè máa wò wá báyìí pé a ń rán àwọn ọmọ wọn lọ sídìí iná. Ṣé kò sí ewu níbẹ̀?

Ó wà o, ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí. Irin tí wọ́n fi síńkì bò, bí irú páànù tí a fi ń kan òrùlé, kò gbọdọ̀ wọ inú iná àgbẹ̀dẹ. Èéfín rẹ̀ ń fa ibà àti èébì. Ohun tí ó dé pa, tí afẹ́fẹ́ tàbí òróró wà nínú rẹ̀, bí ṣọ́kì mọ́tò tàbí àgbá gáàsì, lè bú gbàmù bí iná bá kàn án. Ojú sì ni ohun tí ọmọ-iṣẹ́ kọ́kọ́ gbọdọ̀ dáàbò bò. Ẹ̀fúùfù irin kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Kí a padà sí ìtàn. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ bí àgọ́ ogun ní 1829, alágbẹ̀dẹ sì ṣe pàtàkì ní àgọ́ ogun. Ní gbogbo àkókò ogun Kírìjí, láti 1877 títí dé ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, àwọn ni wọ́n ń tún ìbọn ṣe, tí wọ́n ń rọ ọta. Nígbà tí ogun tán, àwọn ọmọ ogun gba oko lọ. Ọ̀pọ̀ abúlé tí a ń dárúkọ yìí jẹ́ oko àwọn ìdílé tí agbo-ilé wọn wà ní ìgboro. Alágbẹ̀dẹ tẹ̀lé wọn, ó sì yí ọwọ́ padà láti orí ọta sí orí ọkọ́ àti dòjé tí a fi ń ká kòkó. Ó tún jẹ́ adájọ́. Ojú Ògún ni àgbẹ̀dẹ, ẹni tí ó bá ń purọ́ kì í fẹ́ fẹnu kan irin; títí di òní olónìí, òfin gbà pé kí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi irin búra ní kóòtù.

Ní 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà kọ̀ láti san owó-orí tí ó wúwo nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan, Akánrán ni ọkàn rògbòdìyàn náà, Tafa Adeoye sì ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù. Àwọn ìwé ìtàn sọ ti ìbọn ṣakabùlà àti àdá tí wọ́n gbé dání. Wọn kò sọ ti ẹni tí ó rọ wọ́n. Ìjọba gbà nígbẹ̀yìn, owó-orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Àdá wọ̀nyí padà sí ìdí kòkó, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni kó ọ̀kan nínú wọn pamọ́ sí ilé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Nísinsìnyí, ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù. Ní àkókò tí a ń sọ yìí, ẹlòmíràn ti ń du irin àlòkù mọ́ alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkòròdú àti Ògijo ń yọ́ ọ fún ọ̀pá kọnkéré, àwọn tí ń ti ọmọlanke káàkiri sì ń rà á láti abúlé dé abúlé ní ìwọ̀n kílò. Lójú ìwọ̀n, sípíríǹgì àti irin dídà kò yàtọ̀. Ohun tí alágbẹ̀dẹ lè yà sọ́tọ̀ fún àdá ọdún mẹ́wàá, ọ̀pá kọnkéré ni yóò dà. Níwọ̀n ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Àjàòkúta tí a dá sílẹ̀ ní 1979 kò sì tíì fún wa ní irin tí a retí, n kò lè dá àwọn tí ń yọ́ àlòkù lẹ́bi pátápátá. Irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà náà ti kún ọjà Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni ti àwọn ọmọ. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ wá láti òkèèrè fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ẹ̀rọ náà wà nínú àpótí títí tí ìpẹtà fi bò ó, nítorí pé kò sí iná, kò sí olùkọ́. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, mo kọ́ni ní ilé-ìwé kan tí àgbẹ̀dẹ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí i. Kò sí ọjọ́ kan tí a kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, n kò sì dá a lábàá.

Ní oṣù Okúdù 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó dé Móníyà. Nígbà tí mo lọ wò ó, mo ṣàkíyèsí pé irin rẹ̀ tóbi ju ti 1901 lọ dáadáa. Alágbẹ̀dẹ kan tí a jọ lọ kàn án fún ìgbà díẹ̀, ó fi èékánná ta á, ó gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì ní ti Lálúpọn àtijọ́ dùn ju èyí lọ fún owú. N kò mọ bí ó ṣe mọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Àkókò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Sípíríǹgì yìí, mo gbọdọ̀ dá a padà lọ́la fún ẹni tí ó yá mi. Àdá ni wọ́n fẹ́ fi rọ, ìgbà ìkórè kòkó sì ti sún mọ́ etílé.